Ọ̀rọ̀ Tí A Kì Í Sọ Sí Ẹni Tó Wà Lórí Omi

Ní ìlú Ọ̀jọ́ tiwa, létí ọ̀sà, kí òmìnira tó dé, a kì í sọ pé apẹja lọ. Tí bàbá mi bá ti gbé àjẹ̀ tí wọ́n fi ń wa ọkọ̀ lé èjìká, "Mò ń bọ̀ o" ni wọ́n máa ń sọ. Bí àlejò bá béèrè wọn, ìyá mi á ní, "Wọ́n ń bọ̀." Àlejò tí kò bá tètè gbọ́n á jókòó títí ìdí á fi máa dùn ún. Òkú la máa ń sọ pé ó lọ. Ẹni tó bá sọ ọ́ sí ẹni tó wà lórí omi, ó ti tì í sómi nìyẹn. Ẹ lè máa rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín o.

Ìwé ọ̀fẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà náà. Tíṣà wa, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wá láti òkè, tó ń gun kẹ̀kẹ́ láti Ìbà wá, kò mọ omi kankan ju èyí tó fi ń wẹ̀. Onínúure ni ṣá, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Gẹ̀ẹ́sì ló fẹ́ràn jù. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó kọ "go" sára bọ́ọ̀dù, ó sì kó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀: "leave", "depart", "set off". Ó ní kí kálukú fi bàbá rẹ̀ ṣe gbólóhùn.

Bàbá mi ti wà lórí omi láti àná. Àwọn ọkọ̀ yòókù ti wọlé kí ilẹ̀ tó mọ́. Ti bàbá mi nìkan ló kù. Afẹ́fẹ́ ń jà, ojú ọ̀run dúdú bí ìdí ìkòkò. Nígbà tó kàn mí, mo dìde, mo ní, "My father is coming."

"Mo ní kí o fi 'go' ṣe é."

"Tíṣà, a kì í sọ ọ́ nílé wa."

Ọmọ apẹja ló pọ̀ jù ní kíláàsì, wọ́n mọ ohun tí mò ń sọ. Tíṣà rò pé oríkunkun ni. Ó fa pàṣán yọ. Ẹ gbà mí, kí ni mo fẹ́ ṣe? "My father has gone. My father has left. My father has departed." Mo sọ gbogbo rẹ̀ tán. Ẹnì kan bú sẹ́kún lẹ́yìn mi.

Kí wọ́n tó lu aago ìsinmi, ọ̀rọ̀ ti délé. Ìyá mi já wọlé, gèlè ò sí lórí wọn. Mo rò pé wọ́n á bú tíṣà. Wọn ò bú u. Wọ́n kúnlẹ̀ fún un, ìyá mi tí kì í kúnlẹ̀ fún ọmọdé!

"Tíṣà, òyìnbó lẹ fi lé e. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi òyìnbó pè é padà. Ọkọ mi ni o."

Ìgbà yẹn lojú rẹ̀ tó là. "Màmá, ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́. Mi ò mọ̀ ni." Ó tò wá, ó kó wa lọ sétí omi.

Àwọn àgbà ti wà níbẹ̀, wọ́n káwọ́ gbera. Tíṣà dúró sínú ẹrẹ̀ tòun ti bàtà, ó ń dá a, àwa ń gbè é: "He is coming! He is returning! He is on his way!" Mo pariwo títí ohùn mi fi há. Mo gbà á gbọ́, ẹ gbọ́, mo gbà á gbọ́ pátápátá.

Ọkọ̀ kan sì yọ lóòótọ́. Ìyá mi ló kọ́kọ́ dá a mọ̀. Wọ́n kígbe ayọ̀, wọ́n wọ omi dé àyà. Tíṣà ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń fọwọ́ júwe pé ká máa pariwo. Ìgbì ló ń ti ọkọ̀ náà bọ̀, ẹ̀gbẹ́ ló fi ń wá. Ìyá mi di etí rẹ̀ mú, wọ́n wo inú rẹ̀. Àwọ̀n wà níbẹ̀. Àwọ̀n nìkan.

Ìyá mi gbọ́wọ́ lé àwọ̀n náà bí ẹni tó ń wò ó bóyá ó ti gbẹ. Ọwọ́ tíṣà wálẹ̀. Àmọ́ àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn ò rí inú ọkọ̀. Wọ́n ṣì ń pariwo tọkàntọkàn pé ó ń bọ̀, ó ń bọ̀, kò sì sẹ́ni tó lè la ẹnu sọ fún wọn pé kí wọ́n dákẹ́.