Ojú Tí Dídán Fọ̀

Èmi ni mò ń gé bébà níbi iṣẹ́ ìtẹ̀wé wa, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè mí ní Àǹtí Ọ̀bẹ. Àwọn kan ní torí ẹnu mi ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wí, ṣebí ẹnu tiwọn náà kì í sinmi. Ohun tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe tèmi. Ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ni, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Dídán.

Dídán ló ń to iṣẹ́ sórí kọ̀ǹpútà: káàdì, ìwé ìpolówó, bébà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara ìgò. Kò mọ nǹkan kan nígbà tó dé. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó ṣe, lẹ́tà pupa ló kọ sórí búlúù, gbogbo wa wá ń ṣẹ́jú bí ẹni tí ata ta sójú. Ọ̀gá wa ò pariwo. Ọ̀gá kì í pariwo, ìyẹn gan-an ló máa ń bà mí lẹ́rù lára rẹ̀. Ó mú un lọ sídìí fèrèsé, ó tẹ́ bébà oríṣiríṣi síwájú rẹ̀, ó ní kó fọwọ́ pa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Èyí tó ń dán yìí," Ọ̀gá wí, "ó máa ń gbé àwọ̀ yọ, àmọ́ kò fẹ́ràn oòrùn. Èyí tí ara rẹ̀ le yìí máa ń mu yíǹkì, torí náà, àwọ̀ tó o bá fi sí i, á rọlẹ̀ díẹ̀. Yẹ́lò máa ń pe èèyàn láti òkèèrè. Búlúù máa ń sún sẹ́yìn. Fọ́tò ni olórí gbogbo wọn. Bó o bá fi ojú èèyàn síbẹ̀, ojú yẹn ni wọ́n máa kọ́kọ́ wò, wọn ì báà má mọ̀wé."

Ó wá ní, "Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fẹ́ rí ojú ara rẹ̀ bó ṣe rí gan-an. Fọ̀ ọ́ kó tó dé orí bébà."

Òfin ibi iṣẹ́ wa nìyẹn. Ojú kan ò gbọdọ̀ bọ́ sórí bébà láìjẹ́ pé wọ́n fọ̀ ọ́. Rorẹ́, àpá, abẹ́ ojú tó wú, gbogbo ẹ̀ ni Dídán ń fi kọ̀ǹpútà nù kúrò. Bó bá fọ̀ ọ́ tán, á pa èyí àtijọ́ rẹ́, torí kọ̀ǹpútà wa ti kún dẹ́nu. Ọmọ náà mọ iṣẹ́, ẹ má purọ́ mọ́ ọn. Àwọn oníbàárà ń tọ̀ ọ́ wá láti ọ̀nà jíjìn. Wọ́n á ní, "Níbo ni ọmọ tí iṣẹ́ rẹ̀ máa ń dán yẹn wà?" Bó ṣe di Dídán nìyẹn.

Ọkùnrin kan gbé fọ́tò ìyàwó rẹ̀ tó ti kú wá nígbà kan. Dídán fọ̀ ọ́ dáadáa, ó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà tó dára jù lọ. Ọkùnrin náà wò ó títí. Ó dúpẹ́, ó ní òun ń lọ mú nǹkan nínú ọkọ̀. Kò padà wá mọ́. Fọ́tò yẹn wà lórí káńtà wa títí eruku fi bò ó. Mo sọ fún Dídán pé ọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn ò yé mi, pé ara mi ń sọ fún mi pé nǹkan wà níbẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àǹtí, ẹ̀yin náà ẹ fẹ́ràn ìfura." Mo ní ìfura loògùn àgbà. Ó tún rẹ́rìn-ín.

Ilé bàbá rẹ̀ ló ń gbé, ìyẹn ni pé bàbá ló ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, torí ìyá ti kú, bàbá náà ò sì lè dá gbé mọ́. Alájórin ni bàbá nígbà tí ara ṣì le. Iná ti bù ú jẹ lẹ́rẹ̀kẹ́ nígbà kan, àpá rẹ̀ súnkì bí ẹ̀yìn ṣíbí ike tó yọ́. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Bí Dídán bá mú un wá síbi iṣẹ́, ẹ̀gbẹ́ mi ló máa ń jókòó sí, á máa ká àjẹkù bébà nílẹ̀. Mo máa ń pè é ní ọkọ mi, òun náà á ní, "Ìyàwó mi, kí lorúkọ rẹ tún ni?" Á béèrè lẹ́ẹ̀kan, á tún béèrè. Àrùn ìgbàgbé ti ń jẹ ẹ́ lọ díẹ̀díẹ̀. Láìpẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kí ara rẹ̀ nínú dígí, á ní "ẹ káàárọ̀ sà," á sì dúró de ìdáhùn. Dídán sọ ọ́ fún wa bí àpárá. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, aládùúgbò wọn tó ń bá wọn ṣọ́ bàbá wọlé lọ gbé ìkòkò kalẹ̀ lórí iná. Kó tó jáde, bàbá ti ṣílẹ̀kùn, ó ti lọ. Súwẹ́tà aláwọ̀ eérú ló wọ̀, orí rẹ̀ pípá, kò sí fìlà. Dídán fò dìde nídìí kọ̀ǹpútà nígbà tí aládùúgbò náà pè é lórí fóònù, àga rẹ̀ sì dojú dé. A wá gbogbo àdúgbò. Àwọn ọlọ́pàá kọ orúkọ bàbá sílẹ̀, wọ́n ní ká máa lọ sílé ká lọ máa gbàdúrà. Ìmọ̀ràn ńlá! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ fún wọn ohun tí wọ́n lè fi àdúrà náà ṣe. Àsìkò yẹn, òjò ti ń ṣú bọ̀ lójoojúmọ́, bàbá kì í sì í rántí jẹun bí wọn ò bá fi ṣíbí sí i lọ́wọ́. Gbogbo wa mọ̀ pé bí wọn ò bá tètè rí i, wọn ò ní bá a láàyè.

"Mo máa tẹ ojú ẹ̀ mọ́ gbogbo ìlú," Dídán wí. "Kò sẹ́ni tí ò ní mọ̀ ọ́n."

Ó ṣiṣẹ́ náà pẹ̀lú omi lójú. Fọ́tò tí bàbá yà pẹ̀lú rẹ̀ lọ́jọ́ tó parí ilé ìwé ló lò, èyí tí bàbá ti wọ kóòtù tó sì dé fìlà. Ó fi ojú ọ̀run búlúù sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ó fi àwọ̀ wúrà yí etí bébà náà ká, ó wá fi lẹ́tà tín-ín-tín kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé bàbá sọnù, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Bébà tó ń dán jù lọ ni Ọ̀gá fún un, Ọ̀gá ní kó má ro ti owó, gbogbo ohun tó bá fẹ́ ni kó mú. Mo gé wọn, a sì lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri, mọ́ òpó iná, mọ́ ibùdókọ̀. Mo wo bàbá lórí bébà náà, ó rẹwà, ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀. Inú mi kò dùn sí i, mi ò sì mọ ìdí rẹ̀.

Fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ẹni àkọ́kọ́ ní kí bàbá ṣe ọ̀pọ̀ ọdún láyé o, ó rò pé ọjọ́ ìbí ni. Ẹni kejì ní ipò wo ni bàbá ń dù, ṣé ẹgbẹ́ wọn ń pín nǹkan? Ẹlòmíì ní òun fẹ́ kí wọ́n bá òun ṣe irú rẹ̀ fún ìyá òun. Dídán ń gbé fóònù, ó ń sọ ọ́ kalẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ kejì, ó fà mí lọ́wọ́ jáde, a dúró ní òdìkejì títì sí ibi tá a lẹ ọ̀kan mọ́. Oòrùn kọ lu bébà náà. Ohun kan tó ń kọ mànà la rí, a ò rí ojú èèyàn kankan. Nígbà tí àwọsánmà bo oòrùn, ojú náà yọ: ojú ọkùnrin oníkóòtù kan, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń dán bí ọpọ́n tuntun.

"Àǹtí," ó wí jẹ́jẹ́, "bàbá mi kọ́ lèyí."

Kò sí àpá. Ó ti nù ún kúrò láti ìgbà tó ti kọ́ iṣẹ́, kò tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó sáré padà sídìí kọ̀ǹpútà láti wá fọ́tò mìíràn. Ẹ gbà mí o! Gbogbo fọ́tò bàbá ló ti fọ̀, gbogbo èyí àtijọ́ ló ti pa rẹ́. Ó ṣí fóònù rẹ̀, fóònù náà sì jẹ́ irú èyí tó máa ń fọ ojú èèyàn fúnra rẹ̀ kó tó yà á tán. Bàbá wà níbẹ̀ lórí àga, bàbá wà níbẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, bàbá ń jẹun, ojú gbogbo wọn mọ́ bí ojú ọmọ ọwọ́. Kò sí ibì kankan láyé tí ojú bàbá gangan wà mọ́ ju ara bàbá fúnra rẹ̀ lọ, ara yẹn ló sì sọnù.

"Mo máa ya àpá náà padà," ó wí. Ó gbé ọwọ́ sórí kọ̀ǹpútà, ó wá dúró. "Àǹtí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wo ni?"

Mo fẹ́ dá a lóhùn. Mo rí i pé mi ò mọ̀. Gbogbo ìgbà tí ọkùnrin yẹn fi jókòó tì mí! Inú bí mi sí ara mi, inú bí mi sí òun náà. Mo ní, "Bàbá ta ni?" Mo fi ìbínú sọ ọ́, ó sì sunkún bí ọmọdé. Lẹ́yìn náà ló dìde dúró, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún bí ẹni tó mú abẹ dání, torí òun ló máa ń fá irùngbọ̀n fún un. Ọwọ́ náà rìn nínú afẹ́fẹ́, ó sọ̀kalẹ̀, ó wá yà kúrò lọ́nà bí ẹni ń yẹra fún nǹkan. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì bàbá ni. Ó jókòó, ó ya àpá náà síbẹ̀, ó yọ fìlà, ó yọ kóòtù, ó fi súwẹ́tà eérú sí i. Bébà yẹ́lò tí kò dán ló mú, yíǹkì dúdú ló fi tẹ̀ ẹ́. Mo bẹ̀rù nígbà tó jáde lẹ́nu ẹ̀rọ, torí bàbá ló ń wò mí yẹn.

Ibùdókọ̀ tó wà lẹ́bàá odò la kọ́kọ́ kó wọn lọ. Obìnrin kan ń ta omi lábẹ́ ògiri tá a lẹ ti àkọ́kọ́ mọ́. A ò tí ì lẹ tuntun tán tó fi ju ike rẹ̀ sílẹ̀.

"Bàbá yìí! Bàbá yìí kọ́ ló ń sùn síbí?"

"Níbo?" Dídán pariwo.

"Níbí, lábẹ́ fọ́tò ńlá yẹn. Mo fún un ní búrẹ́dì. Ó bi mí pé kí ni wọ́n kọ síbẹ̀, mo ní wọ́n ń wá ọkùnrin kan tó sọnù ni. Ó wò ó títí, ó ṣàánú rẹ̀. Ó ní òun ò níṣẹ́ lọ́wọ́, òun máa bá wọn wá a. Ó ṣí ọ̀kan lára ògiri, ó mú un dání lọ. Àárọ̀ yìí náà ni."

"Ọ̀nà wo ló gbà, ìyá?"

Obìnrin náà nawọ́ sí ọ̀nà tí wọ́n ti ń wa yanrìn. A sáré. Mo ti dàgbà ju kí n máa sáré lọ, ṣùgbọ́n mo sáré. Òjò ti bẹ̀rẹ̀. Kòtò tí wọ́n gbẹ́ ló kún etí odò, omi ti kún gbogbo wọn, wọ́n rí bákan náà pẹ̀lú ilẹ̀. Àwọn tó ń wa yanrìn pé jọ sí ẹ̀bá ọ̀kan. Wọ́n ti fi aṣọ bo nǹkan kan sílẹ̀. Súwẹ́tà eérú tí omi kòtò ti rin gbingbin yọ lábẹ́ rẹ̀.

Mi ò ní sọ bí Dídán ṣe ké. Mo dì í mú, ó lágbára jù mí lọ, ó já mọ́ mi lọ́wọ́, ó ṣubú lé bàbá rẹ̀. Bébà yẹ́lò tó ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀ já bọ́ sínú ẹrẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin kan lára wọn mú un, ó wo bébà, ó wo bàbá, ó tún wo bébà.

"Ọ̀dọ̀ wa ló wá láàárọ̀," ó wí. "Ó ń fi fọ́tò ọkùnrin oníkóòtù kan hàn wá, ó ní ṣé a rí i, pé ọmọ rẹ̀ á ti máa sunkún. Gbogbo wa wo fọ́tò yẹn dáadáa, àǹtí. A sì wo bàbá náà. A ní rárá o, bàbá, a ò rí i. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wa, ó ní kò burú, òun á wò ó síwájú díẹ̀."