Wọ́n Yọ Mí Nínú Ọ̀sà Nígbà Tí Ẹ̀pẹ́ Kù Díẹ̀

Ẹ wá gbọ́ ohun tójú mi rí lórí ọ̀sà ní Sátidé tó kọjá. Alhamdulillah, mo wà láàyè. Ṣùgbọ́n ọkàn mi ò tíì balẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé láti kékeré ni rọpárọsẹ̀ ti mú ẹsẹ̀ mi méjèèjì. Apá ni mo fi ń lúwẹ̀ẹ́. Kóòṣì wa ní Ìkòròdú sọ pé tí mo bá lè lúwẹ̀ẹ́ láti Ejinrin dé Ẹ̀pẹ́, òun á mú mi fún ìdíje ńlá. Òfin kan ló wà níbẹ̀: mi ò gbọdọ̀ fara kan ọkọ̀ kankan.

Ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀ọ̀dá Múfú, ń fi ọkọ̀ tẹ̀ lé mi. Nígbà tó kù díẹ̀ ká dé, ewéko orí omi wé mọ́ ẹ́ńjìnì rẹ̀. Ó ní kí n máa lọ, òun ń bọ̀. Mo ti ń rí àwọn ilé Ẹ̀pẹ́!

Ni apẹja méjì bá yọ sí mi. Wọ́n rí ẹsẹ̀ mi tó kàn léfòó lẹ́yìn mi, tí kò mira. Kí lẹ fẹ́ kí wọ́n rò?

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn mí, mò ń lúwẹ̀ẹ́ ni."

Èyí àgbà sọ fún ìkejì rẹ̀ pé, "Omi ló ti ń gbẹnu ẹ̀ sọ̀rọ̀. Dì í lápá mú."

Mo gbìyànjú láti yẹra. Wọ́n tún rò pé ikú ni mò ń bá jà. Wọ́n gbé mi sínú ọkọ̀.

Ṣé ó yé yín? Tí mo bá fẹ́ wọ mọ́tò, tí mo bá fẹ́ wọ mọ́sálásí, gbígbé ni wọ́n ń gbé mi, wọn kì í béèrè. Inú omi nìkan ni ẹnikẹ́ni kì í ti í gbé mi.

Ní èbúté Ẹ̀pẹ́, ìyá mi tó ti ń dúró dè mí kúnlẹ̀ fún wọn, ó ń sunkún, ó ń ṣàdúà pé wọn ò ní rí ikú ọmọ. Kí ni mo fẹ́ sọ níwájú ìyá mi? Mo ní, "Ẹ ṣé, bàbá."

Nígbà tí Bọ̀ọ̀dá Múfú dé tó ṣàlàyé, bàbá apẹja náà bi mí jẹ́jẹ́ bóyá kí òun dá mi padà síbi tí òun ti mú mi.

Ṣùgbọ́n kóòṣì ní mo ti fara kan ọkọ̀, òun ò sì lè yí òfin padà.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ká máa béèrè ká tó ṣàánú ẹni. Ọlọ́run mọ̀ pé àánú mi ló ṣe wọ́n, mi ò rí ẹni tí mo lè bínú sí. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti ràn yín lọ́wọ́ rí débi pé ohun tẹ́ ẹ ń lé bọ́ lọ? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, kí n lè mọ̀ pé kì í ṣe èmi nìkan.