Àdúrà Gígùn Létí Adágún Ẹja Wa

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fìdí kalẹ̀ kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí nídìí ọmọ ẹja.

Láyé SAP ni, ètò ìjọba tó sọ ọjà dọ̀wọ́n, nígbà tí ẹran wọ́n bí ojú. Àwa àgbẹ̀ mélòó kan ní Iresa, nítòsí Ògbómọ̀ṣọ́, gbẹ́ adágún ẹja sórí ilẹ̀ àkùrọ̀ tí wọ́n ti ń gbin ẹ̀fọ́. Èmi ni mo kó àwọn yòókù sí i o! Bí ẹja ò bá wá sí níbẹ̀, níbo ni mo fẹ́ fojú sí?

Mo lọ sí Ọ̀yọ́, lọ́dọ̀ Ọ̀gá Gàníyù tó ń sin ọmọ ẹja àrọ̀ tà. Ó bù wọ́n sínú kẹ́ẹ̀gì olómi fún mi, ó ní kí n má jẹ́ kí wọ́n pẹ́ lóòrùn. Èyí tó bá kú lọ́nà, òun á pààrọ̀ ẹ̀. Èyí tó bá délé kó tó kú, àdánù tèmi nìyẹn.

Ààyè ni gbogbo wọn dé. Mo fẹ́ dà wọ́n sómi, àwọn àgbà ní háà, ta ní í bẹ̀rẹ̀ nǹkan tuntun láìgbàdúrà? Ni Ààfáà Rájí, àgbà àárín wa, bá bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ ṣáà mọ àdúrà ààfáà! Ó gbà á fún adágún, fún ìyàwó wa, fún ọmọ tí a ò tíì bí. Mò ń ṣe àmín, mò ń wo kẹ́ẹ̀gì nínú oòrùn. Ta ló tó dá a dúró? Bó ṣe parí, ìyá kan tó jẹ́ ọmọ ìjọ Àládùúrà tún dá orin ọpẹ́.

Ìgbà tí a máa ṣí kẹ́ẹ̀gì, púpọ̀ nínú wọn ti léfòó, ikùn lókè. Ẹ má rẹ́rìn-ín, mo sunkún.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ààfáà wọ bọ́ọ̀sì tẹ̀ lé mi lọ sí Ọ̀yọ́ láti wá òmíràn. Kí n tó lanu, ó ti ń sọ fún Ọ̀gá Gàníyù pé, “Ẹ má bá ọmọ yìí wí o. Wàláhì, ààyè ni wọ́n dé. Àdúrà mi ló gùn jù, òun ló pa wọ́n.”

Àgbàlagbà bẹ́ẹ̀! Ni Ọ̀gá Gàníyù bá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní òun ò rí oníbàárà tó sọ irú òótọ́ yìí rí, ó sì bu òmíràn fún wa lọ́fẹ̀ẹ́. Háà, ọkàn mi balẹ̀! Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrẹ̀.

A padà dé Iresa, gbogbo ojú yí sí Ààfáà. Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé kẹ́ẹ̀gì, ó rọra da ẹja sómi. Ìgbà tí wọ́n lúwẹ̀ẹ́ lọ tán ló tó ní, “Ọlọ́run, jẹ́ kí wọ́n dàgbà.” A ṣì ń retí ìyókù, ó ti ń lọ sílé.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ẹ̀bi tí àgbà bá fẹnu ara rẹ̀ gbà kì í dín iyì rẹ̀ kù. Ẹ̀yin ńkọ́? Àgbà wo ló ti ṣe irú ẹ̀ fún yín rí? Ẹ wí tiyín, mò ń gbọ́.