Toktobubu, Òkú Inú Ìwé

Toktobubu pé ogójì ọdún kó tó gbọ́ pé òun ti kú.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti rọ láti kékeré. Ìdí ló fi ń wọ́ kiri ilé, tó ń fi irun àgùntàn ṣe fìlà tà. Wọ́n ní ìjọba ń fún àwọn arọ ní kẹ̀kẹ́ ìjókòó àti owó oṣooṣù, ló bá ní kí wọ́n gbé òun lọ sí ọ́fíìsì ìjọba. Nurzat, ọ̀dọ́bìnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà, wo ìwé ìbí rẹ̀, ó tún wo kọ̀ǹpútà títí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó ni ìwé yìí ti kú lọ́mọ ọdún méjì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì pé."

"Fọwọ́ kàn mí. Bí mo bá tutù, kó o sáré."

Nígbà tó délé, ó bi Anarkan ìyá rẹ̀. Màmá ò jiyàn. Ọmọ mẹ́ta ló ti sin. Èyí tó kẹ́yìn ló sọ ní Toktobubu, ìyẹn Dúró, kò sì dúró. Nígbà tó wá bí èyí tó wà láàyè yìí, ó fún un lórúkọ òkú àti ìwé òkú, kí ikú lè rò pé òun ti mú un tán. Olè kì í padà wá jí ẹrù tó ti gbé lọ.

Ọ́fíìsì ní kí ìyá wá síbi sàréè, kó búra níwájú àgbà méjì pé Toktobubu ló wà nísàlẹ̀, kí èyí tó wà láàyè gba orúkọ tuntun. Màmá kọ̀ jálẹ̀, ó ní ohun tí òun bá sọ fún ìjọba, ikú á gbọ́.

"Màmá, ogójì ọdún ni mo ti fi ìdí gbálẹ̀. Bó bá ń bọ̀, kó wá bá mi lórí kẹ̀kẹ́."

Màmá gbà, àmọ́ ó kọ́kọ́ tà á ná, bí wọ́n ṣe ń ta ọmọ tí ikú ń wá. Bermet aládùúgbò fi abọ́ èèrí ọkà kan rà á. Wọ́n ti àgbàlagbà ọmọ gba ojú fèrèsé fún un bí àṣà, ìdí há, wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n sọ ọ́ ní Satkyn, ẹni tí a tà.

Níbi sàréè, yìnyín bo gbogbo ilẹ̀ àfi ojú oórì kékeré kan. Ó gbẹ, ó ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Màmá búra. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

Kẹ̀kẹ́ dé, owó náà dé. Màmá ò sì pè é lọ́mọ mọ́. Bó bá gbé tíì fún un, á ní, "Gbà, ọmọ Bermet." Satkyn rò pé ikú ni Màmá ń tàn jẹ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ń yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kọjá lẹ́nu ọ̀nà yàrá Màmá, ó gbọ́ tí Màmá ń pe Toktobubu jẹ́jẹ́ pé kó wá jẹun. Ó la ẹnu láti dáhùn, ó sì pa á dé. Orúkọ òun kọ́ mọ́.

Ó wá ń gbọ́ tí ẹnìkan ń jẹ búrẹ́dì nínú yàrá, díẹ̀díẹ̀, bí ọmọ ọdún méjì tí eyín rẹ̀ ò tíì pé.