Fọ́tò Ọkọ̀ Tó Ń Fi Ìdí Yọ̀

Ìgbà mẹ́tàdínlógún ni géèmù náà kọ fọ́tò mi, ìyá bàbá mi tí kò di pádì géèmù mú rí láyé rẹ̀ ló sì padà sọ ohun tó fà á fún mi. Ọjọ́ Sátidé kan ni, nínú pálọ̀ wa ní Edjeba, nílùú Warri. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí nígbà náà. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, gbogbo ilé ń run ẹja yíyan, nítorí Màmá Àgbà, bí a ṣe ń pe ìyá bàbá mi, ti da apẹ̀rẹ̀ ẹja rẹ̀ sórí ẹní, ó ń ṣa èyí tó ti fọ́ kúrò lára èyí tó ṣì wà lódindi. Òórùn náà wọ aṣọ, ó wọ irun, ó wọ pádì géèmù pàápàá.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, Káyọ̀dé, ló ni géèmù náà. Géèmù ọkọ̀ wíwà ni. Odindi ìlú kan ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú òkè àti etíkun àti títì tó lọ síbi gbogbo, kò sì sí ẹni tó máa sọ fún ọ pé ọ̀nà báyìí ni kó o gbà. Kí Káyọ̀dé tó wọlé sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní Àkúrẹ́, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo máa ń jókòó sí lórí kápẹ́ẹ̀tì. Òun á wa ọkọ̀, èmi á máa wo máàpù fún un. Lẹ́yìn tó lọ, géèmù yìí nìkan ló kù tí a jọ ń sọ. Tó bá pè, á kí Mọ́mì, á kí Màmá Àgbà, lẹ́yìn náà á ní kí wọ́n gbé fóònù fún mi, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ la ó sì máa sọ títí ìpè á fi já. N kò mọ ohun mìíràn tí ọmọbìnrin ọdún mẹ́tàlá lè bá ọmọkùnrin ọdún méjìdínlógún sọ.

Ó pè láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, kò tilẹ̀ kí mi.

"Bísí, iṣẹ́ fọ́tò yẹn, òní ló ń parí o. Aago mẹ́rin. You don do am?"

"I dey try."

"You dey try since Tuesday? Gbọ́, tí o kò bá rí i ṣe, Ejiro máa wá gbé géèmù lọ sí Ekete lọ́la. Òun mọ ọkọ̀ wà."

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń gbé ní Ekete ni Ejiro. Mo bẹ̀ ẹ́, mo ní kó fún mi di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí, pé mọ́tò inú géèmù tí wọ́n máa fún ẹni tó bá ṣe iṣẹ́ náà kò ní í padà wá mọ́. Ó gbé fóònù sílẹ̀. Mo wo tẹlifíṣọ̀n, mo wo wáyà tó so géèmù mọ́ ọn, mo sì mọ̀ pé tí Ejiro bá tú wáyà yẹn, ẹ̀gbọ́n mi kò ní í ní ìdí kankan láti sọ pé kí wọ́n gbé fóònù fún mi mọ́.

Iṣẹ́ náà kò gùn. Wọ́n fẹ́ kí o gbé ọkọ̀ kan lọ sí kọ́nà orí òkè kan, kí o ya fọ́tò rẹ̀ níbi tó ti ń ṣe dírífìtì. Dírífìtì ni kí o wọ kọ́nà pẹ̀lú eré, kí o fa bíréèkì ọwọ́, kí ìdí ọkọ̀ máa yọ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí táyà máa rú èéfín, kí ìwọ sì máa yí ọwọ́ ọkọ̀ kó má baà já sínú igbó. Bọ́tìnnì kan wà lórí pádì fún fọ́tò. Géèmù fúnra rẹ̀ á yẹ fọ́tò náà wò, á sọ bóyá ó gbà á.

Dírífìtì kọ́ ló dà mí láàmú. Mo ti mọ̀ ọ́n ṣe láti Ọjọ́rú. Fọ́tò ni wọn kò gbà.

Mo gbọ́dọ̀ sọ bí a ṣe ń ya fọ́tò nílé wa. Àwa tí wọ́n tọ́ nígbà yẹn mọ̀ ọ́n. Oníyàwòrán á dé lọ́jọ́ Àjíǹde tàbí lọ́jọ́ ìbí, Mọ́mì á to wa sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, á fa kọ́là aṣọ wa tọ́, á fi itọ́ nu ìpéǹpéjú wa. "Dúró dáadáa. Má mira. Ṣé o fẹ́ ba fọ́tò jẹ́ ni?" Ẹni tó bá mira, wọ́n á bú u títí di ọdún tó tẹ̀ lé e. Káyọ̀dé rẹ́rìn-ín nígbà kan, ojú rẹ̀ wá dà bí ọṣẹ tó yọ́ nínú fọ́tò náà, Mọ́mì kò sì yé fi í han àlejò.

Nítorí náà, èmi ọmọ dáadáa, mo máa ń ṣe dírífìtì tán, kí n rọra dúró, kí n kọ ojú ọkọ̀ síwájú, kí n rí i pé nọ́ńbà rẹ̀ hàn kedere. Ìgbà yẹn ni mo máa ń ya á. Fọ́tò tó mọ́ ni, oòrùn lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, òkun lẹ́yìn. Géèmù á ní kò bá ohun tí wọ́n fẹ́ mu.

Iná lọ ní aago méjìlá kọjá díẹ̀. Màmá Àgbà tó ti parí ẹja ṣíṣà wá jókòó tì mí nínú ooru. Ó wo tẹlifíṣọ̀n tó dúdú, ó wò mí.

"Ọkọ̀ dà?"

"Dem don take light, Mama."

"Iná ló ń sún ọkọ̀ yẹn ni? Mo rò pé epo ni."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi kí n tó rántí pé ẹkún ló yẹ kí n máa sun. Ìlàjẹ ni Màmá Àgbà ń sọ. Yorùbá tí mo ń kọ yìí ni mo fi tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ. Ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wọ ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì gba inú àwọn odò kéékèèké wá sí Warri láti wá ta ẹja, kí ẹsẹ̀ tó ń dùn ún tó gbé e wá sọ́dọ̀ wa. Kò sí ohun tó ní kẹ̀kẹ́ tàbí ẹ́ńjìnnì tí kì í ní ọ̀rọ̀ sọ sí.

Iná dé ní aago mẹ́ta ku díẹ̀. Mo tan fóònù kejì Mọ́mì tó fi sílẹ̀ nílé nígbà tó lọ kọ́ àwọn ọmọ ní lẹ́sìnnì, mo fi dátà rẹ̀ so géèmù mọ́ íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo gun òkè. Mo ṣe dírífìtì. Màmá Àgbà pàtẹ́wọ́.

"Ó yọ̀! Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọkọ̀ wa máa ń yọ̀ tí a bá dé ibi tí odò ti tẹ̀! Ìdí rẹ̀ á fẹ́ ṣáájú orí!"

Mo dúró, mo to ọkọ̀, mo ya á. Wọ́n kọ̀ ọ́. Ìkẹtàdínlógún nìyẹn.

"Mama, e no gree," ni mo wí, mo sì ju pádì sílẹ̀.

Ó na ìka sí fọ́tò náà tó ṣì wà lójú tẹlifíṣọ̀n. "Èéfín dà?"

"Èéfín wo?"

"Èyí tó ń rú lẹ́ẹ̀kan. Ọkọ̀ tó ń rìn máa ń da omi rú lẹ́yìn, ìfófó á funfun. Tìrẹ yìí ti so mọ́ èbúté. Ta ló máa gbà pé ó sáré?"

"But Mama, person no dey snap when e dey move."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

Mo gbé pádì. Mo wọ kọ́nà, mo fa bíréèkì, ìdí ọkọ̀ yọ̀, èéfín bo ìdajì títì, ọwọ́ mi sì kọ̀ láti tẹ bọ́tìnnì, ìtìjú ń mú mi bí ẹni tó fẹ́ ba fọ́tò ẹlòmíràn jẹ́. Màmá Àgbà kígbe, "Ya á báyìí! Báyìí!" Mo tẹ̀ ẹ́. Ọkọ̀ wọ́, nọ́ńbà kò hàn, ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ fà gùn bí okùn pupa. Fọ́tò tí Mọ́mì ì bá fà ya ni. Géèmù gbà á. Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mọ́kànlá.

Mo pe Káyọ̀dé.

"Who drive am?"

"Na me."

"Lie!"

Màmá Àgbà gba fóònù lọ́wọ́ mi. "Èmi ni mo ń wo ọ̀nà fún un. Kí Ejiro jókòó sílé bàbá rẹ̀."

Nígbà tó dá fóònù padà fún mi, Káyọ̀dé ní, "Báwo lo ṣe ṣe é? Sọ ọ́ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí òun bi mí léèrè ohun tí kò mọ̀.

Mọ́mì dé, ó rí i pé dátà ti tán, ó sì dájọ́ lójú ẹsẹ̀: pádì ń wọ inú wọ́dúróòbù títí a ó fi ṣe ìdánwò tán. Kò dùn mí. Géèmù ṣì wà nílé.

Ní báyìí, iṣẹ́ ìròyìn ni mò ń ṣe. Lóṣù tó kọjá, ẹbí ń múra ìrántí ọdún karùn-ún tí Màmá Àgbà kú, wọ́n ní kí n mú fọ́tò wá. Mo tú fóònù mi palẹ̀. Fọ́tò rẹ̀ pọ̀ níbẹ̀, nínú gbogbo wọn ló sì jókòó gbọn-in, ọwọ́ lórí itan, ojú le bí ẹni tó wà ní kóòtù. Èmi ni mo ya wọ́n. Èmi ni mo ń sọ fún un pé, "Mama, ẹ dákẹ́ ná, ẹ wojú mi." Kò sí ẹyọ kan tó ti ń na ìka tàbí tó ti ń kígbe. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ya ọkọ̀ tí kò sí láyé bó ṣe ń sáré. Àgbà oníròyìn ní odindi ìyá bàbá níwájú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó ń dá a dúró.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó jẹ́ olórí ẹbí ti pàṣẹ: èyí tí Màmá wọ léèsì funfun, tí kò mira, ni wọn yóò tẹ̀ sára ìwé ètò ìsìn. Fọ́tò náà ń lọ sí ilé ìtẹ̀wé lọ́jọ́ Mọ́ńdè.