Ọkọ̀ Tíṣà Tí Kò Yẹ Kí N Tún Ṣe

Nínú gbogbo ọkọ̀ tí mo fọwọ́ kàn ní Kumasi, ẹyọ kan ló fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi kúrò lẹ́nu iṣẹ́, kì í sì í ṣe pé mo bà á jẹ́. Mo tún un ṣe ni, ó sì dára.

Fítà ni wọ́n ń pe àwa tí à ń tún ọkọ̀ ṣe ní Ghana. Iná ọkọ̀ ni tèmi: bátìrì, dáínámò, sítátà. Santasi ni ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi, Sálíù Àlàó, wà, bẹ́ẹ̀ Asawase, àdúgbò àwọn Mùsùlùmí ní apá kejì ìlú, ni àwa méjèèjì ń gbé, láàárín àwọn ará Ìlọrin ẹgbẹ́ wa. Bí wọ́n bá bi í pé kí ló gbé e lọ sọ́nà jíjìn bẹ́ẹ̀, á ní oníbàárà pọ̀ níbẹ̀. Irọ́ ni. Ní Asawase, bí wọ́n bá pe ìrun Àlàásárì tí o kò dìde, gbogbo àdúgbò ló máa rí ọ. Ọ̀gá mi kò sì kírun mọ́. Ní ọdún tí ọ̀dá àti ebi dà wá láàmú ni ibà pa Ràmátà, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, àtìgbà náà ló ti ká ẹní ìrun rẹ̀ nílẹ̀. Ó ní ẹni tó bá lè fi ẹ̀rí tó dúró hàn òun pé Ọlọ́run wà, òun á tún bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Kò rẹ́rìn-ín nígbà tó sọ ọ́.

Tíṣà Ògúnṣọlá ló gba iṣẹ́ náà ṣe. Onígbàgbọ́ ni, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, ó sì ti pẹ́ lẹ́nu kíkọ́ àwọn tó fẹ́ di pásítọ̀ ní ọ̀nà tí èèyàn fi ń ronú láìṣìnà. Ọkọ̀ rẹ̀ kì í sítáàtì àfi bí wọ́n bá tì í.

"Sálíù, wò ó," ó wí ní Sátidé kan. "Ọkọ̀ yìí ò dá rìn. Àwọn géńdé yìí ló tì í. Oúnjẹ ló fún àwọn náà lágbára, òjò ló mú oúnjẹ hù. O ò lè máa kà á lọ láìlópin. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò tì."

Ọ̀gá mi nu ọwọ́. "Ó dùn páà. Ṣùgbọ́n Tíṣà, ẹ wo sítátà. Òun ló ń yí ẹ́ńjìnnì. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti dún, á fà sẹ́yìn, kò kàn án mọ́. Wàlláhì, mo gbà pé ẹnìkan sítáàtì ayé. Ta ló wá sọ fún yín pé ó ṣì wà nídìí ẹ̀?"

Tíṣà wọ inú ọkọ̀ rẹ̀ padà. Ó ní òun á lọ rò ó. Wọ́n bá a ti ọkọ̀, ó lọ.

Bó ṣe di àṣà nìyẹn. Ní Sátidé kọ̀ọ̀kan, Tíṣà á gbé èsì dé, ọ̀gá mi á bá a jiyàn, á fún wáyà kan mọ́lẹ̀, á sì ní kí wọ́n ti ọkọ̀ náà lọ. Lọ́jọ́ kan mo yẹ sítátà náà wò fúnra mi. Kábọ́ọ̀nù rẹ̀, àwọn ẹyọ dúdú kékeré tó ń gbé iná wọ inú rẹ̀, ló ti jẹ tán. Iṣẹ́ tí kò tó wákàtí kan ni, kábọ́ọ̀nù tuntun sì wà nínú dúrọ́ọ̀ ọ̀gá mi! Mo káàánú rẹ̀. Mo rò pé ó ti ń gbàgbé iṣẹ́ ni.

Ní Sátidé kan Tíṣà dé, ojú rẹ̀ ń dán. "Mo ti rí i. Fi sítátà sílẹ̀, gílóòbù ni kí o wò. Kì í tàn lónìí torí pé ẹnìkan tàn án lánàá. Bí iná ò bá wá mọ́ nísìnyí, á kú nísìnyí. Bí ayé ṣe rí nìyẹn. Ẹni tó gbé e ró ṣì ń gbé e ró."

Ọ̀gá mi wo gílóòbù tó wà lókè tábìlì títí.

"Bó bá rí bẹ́ẹ̀," ó wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, "a jẹ́ pé ó wà níbẹ̀ nígbà tí Ràmátà ń kú."

Tíṣà na ọwọ́ mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀.

"Ẹ padà wá ní Sátidé," ọ̀gá mi wí. "Ẹ jọ̀ọ́."

Ní Sátidé náà, ọ̀gá mi pẹ́ níbi ìsọmọlórúkọ kan. Tíṣà ti gbé ọkọ̀ sílẹ̀ láti àná, èmi tí mo mọṣẹ́ sì pààrọ̀ kábọ́ọ̀nù. Nígbà tí Tíṣà dé tó yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ dún lẹ́ẹ̀kan náà. Ó pa ẹ́ńjìnnì, ó tún yí kọ́kọ́rọ́, ó tún dún. "Ó dáa bẹ́ẹ̀," ó wí. "Bá mi kí ọ̀gá rẹ." Mo rò pé ayọ̀ ni kò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Sátidé mẹ́ta kọjá. "Tíṣà dà?" ọ̀gá mi bi mí.

"Ọkọ̀ wọn ti dára, ọ̀gá. Kábọ́ọ̀nù ni mo pààrọ̀."

Ó ju sípánà sílẹ̀. "Ta ló bẹ̀ ọ́? Mufú, ṣé o rò pé mi ò mọ̀ pé kábọ́ọ̀nù ni? Ọkùnrin yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ borí mi!" Ó ní kí n kó irinṣẹ́ mi. Mo rò pé ó lé mi ni, omi sì ti lé sójú mi, àfi bó ṣe fà mí wọ bọ́ọ̀sì trotro, ó di ilé Tíṣà ní Ashanti New Town.

Ẹnu ọ̀nà ni Tíṣà ti pàdé wa. "Sálíù, mo gbọ́ ohun tí o ní kí n gbọ́. Mo rí iṣẹ́, mo mọ̀ pé kò lè ṣe ara rẹ̀. Mo wá ro ohun tó wà lọ́kàn ẹni tó ṣe é: ọ̀rọ̀ mi ti sú ọ, o ò fẹ́ kí n wá mọ́."

"Pé ẹnìkan ṣe é, òótọ́ ni," ọ̀gá mi wí. "Ṣùgbọ́n ẹ ò mọ ẹni náà, ẹ ò sì mọ inú ẹ̀. Mufú rèé. Kò ní nǹkan kan lọ́kàn."

Tíṣà rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ awò ojú rẹ̀. Lójú wọn níbẹ̀ ni mo ti yọ kábọ́ọ̀nù tuntun, tí mo dá èyí tó ti jẹ tán padà. Ọkọ̀ náà kò sítáàtì mọ́, ara tu gbogbo wa.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n tún fi jiyàn, kò sẹ́ni tó borí. Lẹ́yìn náà Tíṣà kú. Bí a ṣe ń kúrò níbi tí wọ́n sin ín sí, a gbọ́ ìpè Àlàásárì láti mọ́ṣáláṣí kan nítòsí. Ọ̀gá mi ní kí n wá omi àlùwàlá fún òun.

"Ọ̀gá, èwo nínú àlàyé Tíṣà ló yí yín lọ́kàn padà?"

"Kò sí ìkankan," ó wí, ó ń ká ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ sókè. "Ẹni tí mò ń bá jiyàn ti lọ. Ó wá ku Ẹni tí à ń jiyàn lé lórí, ọ̀rọ̀ tí mo ní bá a sọ sì pọ̀ páà."

Mo bu omi fún un.