Ṣọ́ọ̀bù Tó Kẹ́yìn sí Omi

Ọma Mahin, ọma olómi dúdú tí í mọ́ gaara nínú igbá. Atukọ̀-má-làágùn. Awọniyọ̀-kún-bí-òkìtì. Arẹ́rìn-ín-kí-ẹyẹ-fò-lórí-ẹ̀gbà. Ìyá onífèrèsé méjì. Ìyálé mi, tó wá pàdé mi létí omi lọ́jọ́ tí wọ́n mú mi wọlé ọkọ, tó ní, "Ìyàwó, rọra o, pákó yẹn ti jẹrà," tí mo sì lọ tẹ pákó náà gan-an, tí mo bọ́ sómi tòun taṣọ ìyàwó. Ẹ̀rín tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, kò rín in tán títí tó fi kú.

Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, mi ò ní kọ ọ́ síbí. Bí mo bá kọ tirẹ̀, mo ní láti kọ ti gbogbo ẹni tó ra iyọ̀ lọ́wọ́ wa, mo sì mọ gbogbo wọn lórúkọ, àtòkú àtààyè. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà. Ọwọ́ á ro mí.

Ìyá ọkọ wa ló ni ṣọ́ọ̀bù náà. Pákó ni gbogbo ara rẹ̀, orí òpó ló dúró sí nínú omi ní Awoye, fèrèsé ńlá kan ṣoṣo ló sì ní. Fèrèsé yẹn ni ẹnu ọjà. Oníbàárà á tukọ̀ wá sábẹ́ rẹ̀, á nawọ́ sókè, a ó gbé ohun tó fẹ́ lé e lọ́wọ́: iyọ̀, ìwọ̀, òwú àwọ̀n, pupuru tí a fi ẹ̀gẹ́ ṣe, kẹrosíìnì, ìṣáná, ọṣẹ, súgà. Kí ẹnikẹ́ni tó wá epo rọ̀bì wá sọ́dọ̀ wa ló ti wà níbẹ̀. Nígbà tí àwọn elépo dé, wọ́n gbẹ́ ojú odò tuntun, omi òkun gba ibẹ̀ wọlé, ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ díẹ̀díẹ̀. Ìyá ọkọ wa kú, ọkọ wa tẹ̀ lé e, a ti ṣọ́ọ̀bù pa. Ó wá ku alángbá nìkan tó ń nájà níbẹ̀.

Àwọn ọmọ ìyálé mi méjèèjì ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Àkúrẹ́. Wọ́n wá lẹ́yìn ọdún Kérésì, wọ́n ní àwọn fẹ́ mú ìyá àwọn lọ.

"Màmá, òkun ń bọ̀," akọ́bí rẹ̀ ọkùnrin sọ. "Kí lẹ jókòó dè?"

"Ṣọ́ọ̀bù mi ni mo jókòó dè."

"Ṣọ́ọ̀bù tí ewúrẹ́ ò lè sùn nínú ẹ̀?"

Ìyálé mi na ìka sí i. "Ọjọ́ Ìsinmi kejì lẹ́yìn Àjíǹde, ẹ padà wá. Tí ẹ ò bá bá mi nídìí ọjà, màá wọ ọkọ̀ yín láìsọ̀rọ̀. Tí ẹ bá bá mi nídìí ọjà, kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ Àkúrẹ́ sí mi létí mọ́."

Wọ́n gbà. Bí ọkọ̀ wọn ṣe yà kúrò báyìí, ìyálé mi yíjú sí mi.

"Ìyàwó, báwo la ó ṣe ṣe é?"

"Ṣé èmi ni mo sọ̀rọ̀ ni?"

"Èmi sọ ọ́, ìwọ máa ronú ẹ̀. Ìwọ lo kàwé."

"Ìwé mẹ́ta!"

"Èmi wá kà mélòó?"

Káfíńtà kan ará Ugbonla, tó tún ní ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì, ló wá bá wa wò ó. Ó ní pákó náà ti gbó, pé tí a bá tú u, kò ní ṣeé kàn padà. "Ẹ jẹ́ ká gbé e lódindi." Ìyálé mi wojú mi, mo wojú rẹ̀, a pariwo. Káfíńtà ti ro gbogbo rẹ̀. Yóò ri òpó tuntun sínú odò tó wà ní inú lọ́hùn-ún, lẹ́bàá igbó ẹ̀gbà, igi tó ń ta gbòǹgbò sínú omi, níbi tí òkun kò tíì dé. Tí omi bá fà, yóò ti ọkọ̀ ńlá mẹ́rin bọ abẹ́ ṣọ́ọ̀bù. Tí omi bá kún, ọkọ̀ á gbé ṣọ́ọ̀bù kúrò lórí òpó àtijọ́, ẹ́ńjìnnì á fà á lọ. Tó bá dé àárín òpó tuntun, tí omi tún fà, ṣọ́ọ̀bù á jókòó, wọ́n á sì yọ ọkọ̀. Ṣùgbọ́n omi ńlá ni iṣẹ́ náà ń fẹ́, èyí tó máa ń wá pẹ̀lú oṣù tuntun, Sátidé tó ṣáájú ọjọ́ tí a dá fún àwọn ọmọ ló sì bọ́ sí.

Nígbà tí Sátidé náà pé, ìyálé mi ti kó ọjà sínú ṣọ́ọ̀bù pátápátá. Káfíńtà ní kó kó o jáde.

"Ṣé ṣọ́ọ̀bù òfìfo ni kí n fi wọ̀lú?"

Ó jókòó sí ojú fèrèsé, ó wé gèlè. Omi kún. Gbogbo ilé náà dún kíìì, ó sì gbéra. Mo di òpó àárín mú. Ìyálé mi ń ké pé, "Ìyàwó, a ń lọ! Ilé ọkọ wa ń lọ!"

A kò tíì rìn jìnnà tí obìnrin kan fi tukọ̀ sáré tẹ̀ lé wa. "Ẹ̀yin tí ilé yín ń rìn, ẹ ní iyọ̀?"

"Iyọ̀ wà! Sáré kó o lè bá mi!"

Ó bá wa. Òmíràn bá wa. Àwọn tíṣà ilé ìwé yà wá, wọ́n fẹ́ súgà. Àwọn òṣìṣẹ́ epo mẹ́rin tó wọ ẹ̀wù pupa tí kì í jẹ́ kéèyàn rì sún mọ́ wa, wọ́n fẹ́ ìṣáná. Ọkọ̀ mẹ́tàdínlógún ni mo kà, kálukú di etí fèrèsé mú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń nawọ́.

"Ìyá, ẹ dáwọ́ ọjà dúró!" káfíńtà ń pariwo láti iwájú. "Ẹ̀gbẹ́ kan ti wúwo!"

"Wa ọkọ̀ ẹ, jẹ́ kí n tajà mi!"

Ẹnu òpó tuntun gan-an ló ti ṣẹlẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ń fà síbí, àwọn oníbàárà ń tu sọ́hùn-ún, ṣọ́ọ̀bù bá yí po bí ẹni tí orin dùn mọ́. Omi tì í wọ àárín òpó, omi bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Gbì! Ó jókòó.

Mo yọjú lójú fèrèsé. Ẹ̀gbà ni mo rí, àti akàn kan tó ń wò mí.

"Ìyàwó, odò dà?"

"Ó wà lẹ́yìn wa, Ìyálé."

A rẹ́rìn-ín títí a fi jókòó sílẹ̀. Káfíńtà káwọ́ lérí. Ó ní ó di oṣù tuntun mìíràn kó tó ṣeé yí. Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti kúrò lójú ìyálé mi. Ó wo ògiri ẹ̀yìn tó dí gbọin sí odò, níbi tí àwọn ọmọ yóò gbà dé lọ́la. "Wọ́n ní omi ẹ̀rọ ni wọ́n ń mu ní Àkúrẹ́," ó sọ. "Kì í kún, kì í fà." Lẹ́yìn náà ló ní, "Káfíńtà, fi ayùn rẹ sílẹ̀ fún mi."

Lọ́jọ́ kejì, ó ní kí n lọ fi ọ̀rọ̀ dá àwọn ọmọ dúró. Mo tukọ̀ pàdé wọn, mo kí wọn, mo kí àwọn ọmọ wọn, mo kí àwọn aládùúgbò wọn tí mi ò rí rí.

"Ìyá Kékeré, ṣọ́ọ̀bù dà?" akọ́bí béèrè.

"Òun nìyẹn."

"Ògiri nìyẹn."

"Ògiri ṣọ́ọ̀bù ni."

Àbúrò rẹ̀ obìnrin ti ń bo ẹnu. Akọ́bí mú ọkọ̀ sún mọ́ ògiri, ó fọwọ́ kàn án: kò, kò, kò. "Màmá, ẹ jáde ká máa lọ."

Ṣóńṣó ayùn yọ jáde lára pákó níwájú imú rẹ̀. Gẹ̀rẹ̀, gẹ̀rẹ̀. Ó fà sẹ́yìn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Ayùn lọ sókè, ó gba ẹ̀gbẹ́, ó sọ̀ kalẹ̀, pákó ńlá kan ré bọ́ sómi, ó ta omi sí gbogbo ẹ̀wù ṣọ́ọ̀ṣì tó wọ̀. Orí ìyálé mi yọ jáde, ìyẹ̀fun pákó kún gèlè rẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀. Kí lẹ fẹ́ rà?"

"Màmá..."

"Màmá kò sí lórí àtẹ. Ẹ sọ nǹkan tí ẹ fẹ́ rà, èèyàn ń dúró lẹ́yìn yín."

Òótọ́ ni, ọkọ̀ mẹ́ta ti tò sẹ́yìn rẹ̀. Ó ra páálí súgà kan. Ìyá rẹ̀ kò dín kọ́bọ̀ fún un. Ó wá jókòó sínú ọkọ̀ tòun ti súgà, ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ìyá rẹ̀ gan-an. Kò dárúkọ Àkúrẹ́ mọ́.

Káfíńtà padà wá lóṣù tuntun láti yí ṣọ́ọ̀bù, a ní kó fi í sílẹ̀. Ìyálé mi mú fèrèsé apá ẹ̀gbà, ó ní ibẹ̀ ló tutù. Mo mú ti odò. Ọ̀pọ̀ ọdún la fi ń jókòó, a kẹ́yìn síra wa, a ń bú ara wa láìwojú.

Àìsàn rẹ̀ kò pẹ́. Àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì wá, wọ́n jókòó tì í, wọn ò mú ọkọ̀ wá gbé e. A sin ín láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, lórí iyanrìn, ní apá ẹ̀gbà. Omi ń kún.